Dókítà Kan Pàtó

Aránṣọ kan láti àdúgbò Bépanda fọwọ́ gbá tábìlì dókítà ojú, ó ń jágbe ní Faransé: “Gbogbo ìgbà tí màmá mi bá wá gba ìtọ́jú ojú, ẹ ó tún máa bi wọ́n léèrè láti ìbẹ̀rẹ̀! Ṣé ẹ ò ní dókítà kan pàtó ni?”

Dókítà jágbe padà: “Èmi yìí náà ni mo ń tọ́jú wọn látọjọ́ yìí! Ẹ̀yin ọmọ lẹ ń pààrọ̀ ara yín. Ohun tí mo bá sọ fún ẹnì kan, ẹni tó tẹ̀lé e kì í mọ̀. Ta ló ń kán oògùn sí wọn lójú nílé?”

Aránṣọ túmọ̀ ìbéèrè náà fún ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá pòṣé. “Sọ fún un pé ẹni tó bá rántí ni.”

Aránṣọ rọra túmọ̀ èyí náà sí Faransé.