Ìdánrawò Ọ̀kẹ́rẹ́ Lórí Odò

Àlọ́ mi já bọ́ sódò, ó ta omi sí Ọ̀kẹ́rẹ́ lára.

Àwọn ẹranko fẹ́ díje. Ọ̀ọ̀nì yóò fi okùn fa ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí pákó la odò já. Ẹni tí kò bá ṣubú ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹyìn ọ̀pẹ etí odò. Àṣà wọn ni pé kí oníkálukú dán an wò lẹ́ẹ̀kan kó tó díje, kó gbé okùn fún ẹlòmíràn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣubú. Ó tún gun pákó, ó tún ṣubú, kò fi okùn sílẹ̀. Ó ń kọrin, àwọn yòókù ń gbè é:

Ọ̀ọ̀nì, tún mi fà—
Ta ló kàn?
Èmi náà ló kàn—
Ta ló kàn?

Nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, ó ní, “Ó yá, ká díje!”

Ọ̀ọ̀nì ní, “Ẹ̀ẹ̀kan ni ìdánrawò. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ ni ìdíje, o sì ṣubú. Gbé okùn fún Òkété, òun ló kàn.”