Ìbéèrè Ìbídùn

Bí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ lára ògiri ṣe kí Bàbá Àjàlá tán láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ náà ní òun ti ṣetán láti yan ẹ̀kọ́ tí Ìbídùn, ọmọ-ọmọ Bàbá, máa kọ́ ní yunifásítì. Ẹja sísìn ni ó yàn fún gbogbo ọmọ àdúgbò lọ́dún tó kọjá. Ọmọ tó bá bi í ní ìbéèrè tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀ nìkan ni òfin gbà láàyè láti yan tirẹ̀. Físíìsì ni Ìbídùn ń fẹ́. Ó bá lọ dúró níwájú ẹ̀rọ náà.

"Ife ìyá mi fọ́ lọ́jọ́ tí a sin wọ́n," ni Ìbídùn wí. "Kí ló dé tí kò lè to ara rẹ̀ padà?"

"Fífọ́ rọrùn ju títò lọ," ni ẹ̀rọ dáhùn kíá. "Ohun gbogbo láyé ló ń tú ká."

"Kí ló wá dé tí ayé fi wà ní títò níbẹ̀rẹ̀, kó tó máa tú ká?"

Ẹ̀rọ ké sí Bàbá. "Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ò mọ̀."

"Ọ̀gbẹ́ni Mo-mọ̀-ọ́n-tán kò mọ̀ o!" Ìbídùn fò sókè.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Lọ kọ́ físíìsì rẹ," ni ó wí. "Má sì pariwo mọ́ mi létí."

Ó wá dìde, ó kó àfọ́kù ife tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn láti ọjọ́ ìsìnkú ọmọ rẹ̀, ìyá Ìbídùn, ó sì lọ dà á nù.