Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Tó Ń Jí Adìyẹ Bọ̀ọ̀dá Akínlóyè

Ní gbogbo Manchester, ojú èmi nìkan ló ṣe! Winter 1987 ni.

Yìnyín ti fẹ́ gbé Whalley Range, àdúgbò wa, mì.

Bọ̀ọ̀dá Akínlóyè lúgọ sẹ́yìn bin ìdọ̀tí, ó di igi mú, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

Àwọn abo adìyẹ abólọ́rùn rẹ̀ ti pòórá. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìyẹ́ nílẹ̀.

Àkùkọ nìkan ló kù. Bí òun náà bá lọ, irú adìyẹ ọlọ́rùn bíbó tó ń sìn parun nìyẹn.

"Daddy Táyọ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni! Ẹ wọlé, òtútù á pa yín!" Àbẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ ń pariwo lójú fèrèsé.

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wo ló ń ṣílẹ̀kùn ilé adìyẹ, tó tún ń padà tì í?"

Kó tó yíjú padà, àkùkọ ti lọ!

Ó tọ ipasẹ̀ bàtà nínú yìnyín, èmi náà tẹ̀ lé e, ó já sí kíṣìnì Ìyá Richard, òyìnbó ilé kejì.

Gbogbo adìyẹ rẹ̀ jókòó ti heater. Kálukú wé scarf pupa tí màmá náà hun mọ́ ọrùn.

"Ìkà ni ẹ́!" ni màmá náà fi pàdé rẹ̀. "O fá ìyẹ́ ọrùn wọn nínú òtútù yìí?"

"Màmá, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn!"

Ó na ọwọ́ sí àkùkọ. Àkùkọ tún sún mọ́ heater.

Ẹ gbà mí gbọ́ jàre! Ṣé mo jọ ẹni tó ń parọ́ ni?