Òrùka Tí Kò Dúró Lójú Kan

Olúwagbénga ará Stockport, lẹ́bàá Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe òǹrorò, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tó bo gbogbo ìwà rere rẹ̀ mọ́lẹ̀: kì í gba àtúnṣe lẹ́nu ẹni tó kéré sí i. Bí ọmọdé bá sọ fún un pé iná ń jó o láṣọ, á kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ náà ti kí òun.

Títún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe láti ilé dé ilé ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Níbi tí ẹlòmíràn yóò ti ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, á wá irin àlòkù kan, á rẹ́ ẹ, á fi dípò èyí tó bàjẹ́, ẹ̀rọ á sì máa ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn wa ní Hulme àti Rusholme ń pè é ní Injinníà. Òwe tó máa ń pa ni pé, bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Nígbà tó yá, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn sí àmì fún eré ìdárayá ní pápá kan lẹ́yìn ìlú. Ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó sì ra ìbọn àtijọ́ kan tí irú ọta rẹ̀ kò sí ní ọjà mọ́. Ẹni tó bá ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní láti ṣa ìkarahun idẹ ọta tó bá ti yìn, kó tún ẹ̀tù àti òjé kì sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n idẹ a máa gùn sí i bí a bá ṣe ń yìn ín. Bí a kò bá gé ẹnu rẹ̀ padà sí ìwọ̀n, yóò há sínú ìbọn, agbára ẹ̀tù kò sì ní ríbi gbà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún gígé irú ìkarahun yìí ṣọ̀wọ́n. Gbénga ra ẹ̀rọ pọ́ọ́kú kan tó wà fún ọta mìíràn, ó gé òrùka lára ẹnu ẹ̀rọ omi àtijọ́, ó sì fi mú un bá ìkarahun tirẹ̀ mu; òrùka náà ló ń sọ ibi tí gígé á dúró. Iṣẹ́ náà dára. Àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ wá wò ó, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, orí rẹ̀ sì wú.

Ìgbà yẹn ni Akínwálé, àbúrò Bọ́lánlé ìyàwó rẹ̀, dé láti Ṣágámù. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì rí iṣẹ́ sí iyàrá iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù kan ní Manchester. Iṣẹ́ yẹn ni físà rẹ̀ dúró lé. Òkè ilé Gbénga ló ń gbé, Gbénga a sì máa mú un dání lọ sí pápá gẹ́gẹ́ bí àlejò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Akínwálé ń bá a yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Òrùka yìí ń yẹ̀. Àwọn tí a gé kẹ́yìn gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Gbénga rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ ni kó o gbájú mọ́."

"Kí a kàn fi nǹkan wọ̀n ọ́n, sà."

"Ojú mi yìí ni òṣùwọ̀n. Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń tú ẹ̀rọ."

Bọ́lánlé dá sí i láti ibi ìdáná. "Bàbá Ayọ̀mikún, kí ló burú nínú kí ẹ wọ̀n ọ́n?"

"Ẹ ti wá di méjì. Ẹ kúkú pe ìyá yín ní Ṣágámù kí òun náà wá kọ́ mi níṣẹ́."

Akínwálé ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ lọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Gbénga, abẹ́ òrùlé rẹ̀ ló sì ń sùn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀; nínú ilé yẹn, àgbà nìkan ló ń dá a.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n lọ sí pápá. Láti yẹ́ ẹ sí, Gbénga gbé ìbọn náà fún Akínwálé. Nígbà tí alámòójútó pápá kẹ̀yìn, ó ní kó ti awò ojú tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú sókè iwájú orí, kó lè ríran dáadáa. Akínwálé fi ọ̀kan nínú àwọn ọta tí wọ́n gé nílé sí i, ṣùgbọ́n irin ẹ̀yìn ìbọn kò fẹ́ tì.

"Ẹ̀gbọ́n, ó le."

"Ṣé o ò jẹun wá ni?"

"Ó dà bíi pé nǹkan há síbẹ̀, sà."

"Akínwálé, mo ní kó o tì í."

Ó tì í. Ó yìn ín. Ẹ̀yìn ìbọn náà bẹ́, iná àti èérún idẹ sì bá a lójú ọ̀tún.

Ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e lọ. Àwọn tí wọ́n jọ máa ń dúró ti aláìsàn ló dúró tì í lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọ́n ń yọ ẹyinjú tó fọ́. Kò lè padà sí iyàrá iṣẹ́ abẹ mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n tún rí fún un kò sí lára èyí tí físà rẹ̀ gbà láyè, bó ṣe di pé ó ń múra àtilọ sílé nìyẹn.

Ọlọ́pàá wọ̀n àwọn ọta tó kù: púpọ̀ nínú wọn gùn ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n gba ìbọn, wọ́n gba ìwé àṣẹ, ẹgbẹ́ sì lé Gbénga. Àwọn tó ń pè é ní Injinníà kò pè é wá sílé wọn mọ́. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Oyè Injinníà ni wọ́n gé kúrò lára Gbénga.

Ọjọ́ tí Akínwálé ń lọ, ní ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú, Gbénga dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, lójú gbogbo èrò.

"Akínwálé, sọ̀rọ̀ sí mi. Bú mi."

Akínwálé bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde, ó sì gbọn eruku kúrò láyà rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ sí àgbà."

Ó gbé àpò rẹ̀, ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí Gbénga bá bi Bọ́lánlé nínú ilé, ìdáhùn kan ló máa ń gbọ́: "Bí ẹ bá ṣe rí i ni, sà."

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé a kò dá ọ̀wọ̀ sílẹ̀ kí a fi di ẹnu ẹni tó rí ewu. Àgbà tó bá kọ̀ láti gbọ́ tọmọdé lórí ohun tí òṣùwọ̀n lè yanjú, ẹlòmíràn ló máa bá a san gbèsè rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé náà, ẹ máa kí àgbà, ẹ máa kúnlẹ̀, ẹ máa dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ bá lè pànìyàn, ẹ gbé e sílẹ̀, kí wọ́n bínú. Ìbínú àgbà a máa rọ̀. Ojú tó bá fọ́ kì í tún hù.