Ogójì Igi fún Ilé-Ìwé Wa

Ara Ìyá Onígi kò balẹ̀.

Ọdún méjì gbáko ló fi tọ́ ogójì igi mángòrò yìí nínú ọ̀rá dúdú, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí oòrùn ń pa lè rí ibòji sá sí.

Àwọn ọ̀gá ìjọba ń gbìn wọ́n sí ọgbà ilé-ìwé lónìí, kámẹ́rà ń kọ mànà.

"Ọ̀gá, ẹ ò tíì bọ́ ọ̀rá ìdí wọn o! Gbòǹgbò wọn ò ní rílẹ̀ wọ̀!"

"Ìyá, ẹ rọra. Ẹ̀rín ni kẹ́ ẹ máa rín."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì lọ.

Kíá, Ìyá kúnlẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ tó fẹ́ fi ya ọ̀rá, ó sì ń hú igi àkọ́kọ́.

Awakọ̀ àwọn ọ̀gá náà fi ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù wọlé.

"Ẹ ṣeun, Ìyá, ẹ tilẹ̀ ti ń bá wa hú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya ọ̀rá o. Ilé-ìwé mẹ́ta ló ṣì kù tá a máa gbìn wọ́n sí lónìí."