Àánú Lọ́yà Olúṣínà

Ọ̀sẹ̀ yìí ni iléeṣẹ́ amòfin kan ní Accra fi Olúṣínà ṣe ọ̀gá àwọn tó ń gbógun ti ayédèrú ọjà.

Ní báyìí, òun àti ọlọ́pàá wà ní ọjà Kaneshie, wọ́n ń kó ayédèrú bàtà sínú àpò.

Oníbàárà wọn, ẹni tó ni orúkọ bàtà náà gan-an, ń tẹ̀ lé wọn.

Ó ku ṣọ́ọ̀bù kan, ti Ìyá Sherifa.

Olúṣínà ń làágùn. "Ẹ jẹ́ ká fi ti màmá yìí sílẹ̀. Àgbà ti dé sí wọn."

Inú oníbàárà yọ́. "Lọ́yà wa yìí mà láàánú o!"

Ni Ìyá Sherifa bá yọjú láti ṣọ́ọ̀bù náà tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Háà, lọ́yà mi! Ẹ kú oríire o! Ṣé bàtà ìgbéga tí ẹ rà lọ́wọ́ mi ò há yín lẹ́sẹ̀?"

Ọlọ́pàá wo ẹsẹ̀ Olúṣínà, ó ṣí ẹnu àpò.

"Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ."