Oṣù Mẹ́rin

"Ẹ̀jẹ̀ yín ò tó rárá, tíṣà," ni nọ́ọ̀sì wí, ó nawọ́ ìwé àyẹ̀wò sí i. "Ó yẹ kó pé méjìlá. Mẹ́jọ péré la rí."

Abájọ tí òòyì fi ń kọ́ olùkọ́ náà ní kíláàsì, ní ilé ìwé rẹ̀ ní Ṣakí.

"Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ọkọ yín wá gbà?"

"Oògùn wo?"

"Ti ọjọ́ Mọ́ńdè. Gbogbo wa la bá wọn yọ̀. Wọ́n ní lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ìyàwó àwọn ti lóyún oṣù mẹ́rin."

Láàárọ̀ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì," ó ní, "kí ni wọ́n pe orúkọ ìyàwó náà?"